Yíyọ bíìtì kọ̀ọ̀kan jáde nínú báìtì: iná mi kọ̀, kò tàn

Àtùpà8:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Bọ́tìnnì mẹ́jọ ni mo so mọ́ 74HC165 (ṣíìpù tó ń kó ipò bọ́tìnnì mẹ́jọ jọ), ATmega328P (ṣíìpù tí kóòdù mi ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) sì ń ka gbogbo wọn pọ̀ sínú báìtì kan tí mo pè ní `ipo`. Tí mo bá tẹ ti bíìtì 0, 1 ló ń jáde lójú Serial Monitor. Ti bíìtì 3, 8. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ìlà yìí kò ṣiṣẹ́ rárá:

`if (ipo & (1 << 3) == 1) tanIna();`

Mo tẹ bọ́tìnnì títí, iná ò dá mi lóhùn. Kí ló ń ṣe é? Àbí kí n kúkú ya báìtì náà sí b0 títí dé b7?

Wáyà_Pupa:
Tó bá jẹ́ Arduino lò ń lò, `bitRead(ipo, 3)`. Ó parí.

Bàbá Rẹ́jísítà:
Kò tíì parí o. Lọ́jọ́ tó bá bá ara rẹ̀ nídìí kóòdù tí kò sí Arduino ńkọ́?

Àbúrò, àṣìṣe méjì ló wà nínú ìlà yẹn, ọ̀kan sì ń bo èkejì. Èdè C máa ń yanjú `==` kó tó kan `&`. Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá 8 (ìyẹn 1 tí a sún sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta) bá 1 dọ́gba. Kò dọ́gba, ó di 0. Àmì kejì yẹn, ibi tí nọ́ńbà méjèèjì bá ti ní 1 nìkan ló ń fi 1 sí. Báìtì yòówù tí o bá sì fi `&` pọ̀ mọ́ 0, 0 náà ni. Wàá wá fi àkámọ́ sí i, `(ipo & (1 << 3)) == 1`, iná ò tún ní tàn, torí pé 8 ni bíìtì 3 ń mú wá, kì í ṣe 1. `!= 0` ni kó o fi dípò `== 1`.

Tó bá jẹ́ 0 tàbí 1 gan-an lo nílò, sún un wá sí ìkángun ọ̀tún kó o tó gé e: `(ipo >> 3) & 1`. Mú 173, ìyẹn 10101101. Sún un sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku 10101. `& 1` á pa gbogbo wọn rẹ́ àfi ti ìkángun: 1.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí rèé: AVR, ìdílé ṣíìpù tí ATmega328P rẹ wà nínú rẹ̀, kò lè sún ju àyè kan lọ lẹ́ẹ̀kan. `ipo >> n`, tí n bá ń yí padà, lúùpù ni kọ̀ǹpáílà máa sọ ọ́ dà. Tó o bá fẹ́ ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tẹ̀ léra, ṣe ẹ̀dà kan, fi `& 1` wo ti ìkángun, kó o wá fi `>>= 1` sún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀dà náà sì jẹ́ `uint8_t` (bíìtì mẹ́jọ tí kò ní àmì òdì). Tó bá jẹ́ `int8_t` (èyí tó lè jẹ́ òdì) tí bíìtì 7 sì jẹ́ 1, 1 ni yóò máa wọlé láti òsì, `while (eda)` rẹ (lúùpù tó ń dúró nígbà tí ẹ̀dà bá di 0) ò ní tán láéláé.

Àtùpà8:
Ó ti tàn! Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ti b0 dé b7 ńkọ́?

Bàbá Rẹ́jísítà:
Má ya á. Bí wọ́n ṣe wà pọ̀ yẹn, ìṣirò kan ṣoṣo lo fi máa yẹ gbogbo wọn wò. Tọ́jú kíkà ìṣáájú sínú `tele`:

`titun = (ipo ^ tele) & ipo;`

`^` ń mú àwọn tó yí padà, `& ipo` ń da èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀ nù. Èyí tó bá kù ni bọ́tìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Irin inú bọ́tìnnì máa ń gbọ̀n díẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́ o, torí náà jẹ́ kí nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 20 wà láàárín kíkà kan sí èkejì.