Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ilé àti iṣẹ́ ti fẹ́ dà mí lórí rú

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Àdìmínì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Ọ̀rọ̀ ti sú mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń jí, síbẹ̀ a kì í kúrò nílé lásìkò. Tí mo bá rí ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ìkejì á ti wọgbó. Nígbà tí mo tú báàgì ọmọ mi kejì lánàá ni mo rí ìwé tí tíṣà kọ sí mi, ó ti rún sábẹ́ ìwé ìṣirò, ọ̀rá bisikíìtì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìpàdé òbí tí wọ́n ní kí n wá ti kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ! Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Mo ra ìwé ètò, mo ra bírò aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni mo kọ, àbíkẹ́yìn mi ti ya àwòrán kún èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa, ó wo pálọ̀ yíká, ó ní, “Ìyàwó wa, ṣé o ò ráyè gbálẹ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Irú ìwé ètò wo ló dáa jù?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ìwé kọ́ ló kàn. Láti alẹ́ ni kó o ti máa tún àárọ̀ ṣe. Kí wọ́n tó sùn, yunifọ́ọ̀mù, ìbọ̀sẹ̀, bàtà, báàgì, kí gbogbo ẹ̀ wà lójú kan nítòsí ilẹ̀kùn. Tú báàgì kí wọ́n tó wọ yàrá. Ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ kan náà ni mo máa ń rà fún àwọn tèmi, èyíkéyìí bá èyíkéyìí mu. Ọmọ mélòó ni?

Ọlọ́pọ̀ Iṣẹ́: Kàlẹ́ńdà Google ni mo ń lò. Ó ṣeé pín fún ọkọ ẹni. Tó o bá kọ ìpàdé sí i, á hàn lórí fóònù tiẹ̀ náà. Jẹ́ kó dún lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó tún dún nígbà tó bá ku wákàtí kan.

Ìyá Àgbà: Fóònù ló ń jẹ àsìkò yín. Mo tọ́ ọmọ méje, mo sì ń tajà, mi ò ní kàlẹ́ńdà kankan. Ọjọ́ kan tójò ń rọ̀, mo sáré fa ọmọ ọlọ́mọ wálé láti súkùú, torí yunifọ́ọ̀mù bára mu. Ọmọ yẹn ò sunkún rárá, ó jẹun yó.

Ọlọ́pọ̀ Iṣẹ́: Màmá, ọmọ tiyín wá ńkọ́? Ṣé wọ́n rí i?

Ìyá Àgbà: Wọ́n rí i. Má bi mí ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé mà. Ọmọ mẹ́ta ni: ọdún 9, 6 àti 3. Mo ti gbìyànjú ti fóònù. Ìgbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú omi ló máa ń dún, màá pa á, ó tán nìyẹn. Ìwé ètò ni mo béèrè o.

Tíṣà Ọmọdé: Ọmọ ọdún 9 tó di báàgì ara ẹ̀, ti ọdún 6 lè ká aṣọ, ti ọdún 3 á kó ohun ìṣeré sí apẹ̀rẹ̀. Kò ní dáa tó tiyín, ẹ má tún un ṣe lójú wọn. Ẹ tètè mú wọn sùn náà. Àwọn oníṣègùn oorun ní ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12. Ọmọ ọdún 3 sí 5, wákàtí 10 sí 13, oorun ọ̀sán wà nínú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Àgbàlagbà náà nílò ó kéré tán wákàtí 7. Ìwọ ńkọ́? Ta ló sì ń lọ mú wọn wálé? Bàbá wọn dà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí?

Bàbá Ọmọ Mẹ́rin: Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyẹn. Èmi ni mò ń wẹ àwọn tèmi láàárọ̀, kò pa mí.

Ìyá Àgbà: Kò sẹ́ni tó bi ẹ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ọkọ mi, èèyàn dáadáa ni. Kò kàn lè lọ mú wọn ni. Àwọn tíṣà á bi í pé kí ló dé tí kò sí níbi iṣẹ́ ní aago 2 ọ̀sán.

Ìyá Ìbejì: Kí ló dé tí kò fi sí níbi iṣẹ́?

Ẹni tó béèrè: Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yẹn. Ó ń múra jáde pẹ̀lú wa láràárọ̀, á padà wálé tí a bá ti lọ. Mo ṣì ní láti lọ ẹ̀wù tiẹ̀ kí a tó jáde. Kò lè gbálẹ̀ lọ́sàn-án, torí tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá yà wá tó bá ilé ní títọ́, á mọ̀ pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀.

Ọlọ́pọ̀ Iṣẹ́: Háà! Ẹ gbàgbé kàlẹ́ńdà mi.

Ìyá Àgbà: Ọmọ mi, èèyàn kì í tú àṣírí ọkọ ẹ̀ síta.

Bàbá Ọmọ Mẹ́rin: Màmá, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò jalè, iṣẹ́ ló bọ́. Ta ló máa wo aṣọ tí wọ́n ká kó mọ ẹni tó ká a?

Ìyá Ìbejì: Bá a sọ ọ́ lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Má sọ pé kó tú àṣírí. Bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí àlejò ò lè rí: aṣọ fífọ̀, báàgì, ìwé tíṣà. Kó lọ ẹ̀wù ara ẹ̀. Ti súkùú, ohun tí wọ́n sábà máa ń wò ni bóyá orúkọ ẹni tó wá mú ọmọ wà nínú ìwé wọn. Ṣé tiẹ̀ wà níbẹ̀?

Ẹni tó béèrè: Tiẹ̀ ló ṣáájú tèmi. Màá sọ ti ẹ̀wù yẹn fún un. Ti súkùú, ẹ jẹ́ kí n ṣì rò ó.

Àdìmínì: Mo ti ti ìdáhùn pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí níkọ̀kọ̀ pé ta ni, mi ò ní sọ, ẹ má pè mí.