Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá lórí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ tíṣà, kí ni ṣíṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún 21 ni mo ti ń kọ́ni nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ìwé-ẹ̀rí tíṣà NCE ni mo fi wọṣẹ́. Ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan lẹ́yìn odi Ìbàdàn, wọ́n fi mí ṣe HM, ọ̀gá ilé-ìwé. Mo débẹ̀, ta ni mo bá? Màmá tí mo wà lábẹ́ wọn nígbà tí mo ṣe tíṣìn prátíìsì! Àwọn ló ń kọ́ prámárì 4, ó ku ọdún méjì kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Títí dòní, bí mo bá rí wọn, orúnkún mi á ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni HM.

Mo wọ kíláàsì wọn lọ́jọ́ kan, mo ní kí àwọn ọmọ kàwé fún mi. Nínú ọmọ 38, méje ló kà á. Àwọn yòókù ti há a sórí ni: mo fọwọ́ bo àwòrán ajá tó wà lókè ojú ìwé, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ lẹ́sìn nóòtì Màmá gún régé, bírò pupa kò ríbi kàn.

Mo fẹ́ máa lo wákàtí kan níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí n fúnra mi máa kọ́ wọn ní kíkà. Igbákejì mi ní HM kì í mú ṣọ́ọ̀kì, pé wọ́n á máa rí mi fín, àti pé Màmá á ní mo wá dójú ti àwọn. Mo tún fẹ́ lọ gba dìgírì ní NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn ti lè máa kàwé láti ilé. Ẹni ọdún 49 ni mí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìwé tí màá fi fẹ̀yìn tì ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá HM Àná: Ọmọ mi, o kú oríire. Má ṣe ránṣẹ́ pè wọ́n sí ọ́fíìsì o! Ẹsẹ̀ ara rẹ ni kó o fi lọ bá wọn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọlé, kó o jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọmọ ilé-ìwé. Má dárúkọ méje fún wọn. Wọ́n mọ̀. Kò sí tíṣà tí kò mọ iye ọmọ tí kò lè kàwé ní kíláàsì rẹ̀, ìtìjú ni kì í jẹ́ kó sọ ọ́. Sọ pé o fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tíṣà Prámárì 2: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ pe àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ mọ ibi tí kíkà oníkálukú dé: ẹni tí kò mọ lẹ́tà, ẹni tó mọ lẹ́tà tí kò lè so ó pọ̀, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀, ẹni tó ń ka gbólóhùn. Ibi tí wọ́n dé ni kẹ́ ẹ fi pín wọn fún wákàtí yẹn, kì í ṣe kíláàsì. Ní India, ẹgbẹ́ Pratham ló bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí. Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà 25 péré ni, ba, be, bẹ, bi, ohun tójú rí lẹnu ń pè. Gẹ̀ẹ́sì lè dúró díẹ̀.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Òótọ́ ni. Ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, láti prámárì 1 dé 6. Gẹ̀ẹ́sì ní tíṣà tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà ò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo ètò yẹn kì í sábà sọ pé wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì tún àwọn tíṣà náà kọ́.

Abẹ́ Igi: Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. HM kan wà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kíláàsì ló ń wọ̀ láràárọ̀. Ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò dé, rẹ́jísítà ò kún, ìwé owó ò kún, kúèrì ló fi gbà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó tó di àkókò ìsinmi.

Ìyá Àgbà Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ rẹ́rìn-ín padà fún ọkọ yín. 1983 ni wọ́n dá NOUN sílẹ̀, ológun tì í ní 1984, ó di 2002 kó tó tún ṣí. Ilé-ìwé tó ti sùn fún ọdún 18, ẹni ọdún 49 ló fẹ́ ya á lẹ́nu? Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sì ti sún ìfẹ̀yìntì tíṣà sí ọdún 65, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti gbà á. Ẹ wádìí tiyín.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo lọ bá Màmá lánàá. Mo ní mo fẹ́ wá tún tíṣìn prátíìsì mi ṣe. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ṣé o ṣì ń kọ g bí ẹni ń kọ 9?” Wọ́n wá ṣí dúróà, wọ́n yọ bébà kan jáde. Orúkọ ọmọ 31 ló wà níbẹ̀, wọ́n ti kọ ibi tí kálukú kù sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Igbákejì mi ṣì ń fajú ro sí mi. Ọkọ mi sì bi mí láàárọ̀ yìí pé èló ni fọ́ọ̀mù.