Hẹ́dífóònù gidi àkọ́kọ́ tí ẹ fowó yín rà: ẹ sọ bó ṣe rí

Olóko Kajú
Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ta kajú ọdún yìí, mo ti san gbèsè tán, ₦40,000 ló ṣẹ́ kù tí ìyàwó mi ò tíì mọ̀ sí. Íápíìsì tí wọ́n ń tà ní páàkì ni mo ti ń lò látọjọ́ yìí. Oṣù méjì, etí òsì á kú, màá máa yí wáyà bí ẹni ń wá stéṣọ̀n rédíò. Mo fẹ́ ra ojúlówó lẹ́ẹ̀kan láyé mi, èyí tí màá fi gbọ́ orin, tí màá sì fi máa gé ohùn, torí mò ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà ilé wa sílẹ̀. Ẹ má to orúkọ lásán fún mi o. Èyí tẹ́ ẹ fowó ara yín rà ni kẹ́ ẹ sọ, àti ohun tójú yín rí.

Ọmọ Owé
Ìyàwó ẹ wà níbí o.

Olóko Kajú
Níbo?

Elédè Kúkúrú
KZ, kékeré tó ń wọ ihò etí. ₦11,000. Ọdún kẹta rèé.

Akọrin Mọ̀pà
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. 2019 ni, kí náírà tó dà bó ṣe dà yìí. Èmi ni mò ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo bẹ ọmọ ìjọ kan tó ń bọ̀ láti Àbújá, ó bá mi ra Audio-Technica M20x, ₦22,000. Owó oúnjẹ ni, ẹ má jẹ́ á tan ara wa. Èyí tó bo etí mọ́lẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa ni.

Ọjọ́ Sátidé ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo wọ yàrá ní aago méjì ọ̀sán, mo ti fèrèsé, mo fi orin Sunny Adé sí i. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ pé gìtá tó wà nínú orin yẹn ju ẹyọ kan lọ! Ọ̀kan ń bẹ lósì, ọ̀kan ń bẹ lọ́tùn-ún, gángan ń ti àárín bọ̀, mo sì ń gbọ́ bí àwọn agbèrin ṣe ń mí kí wọ́n tó gbé e. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń gbọ́ orin yìí, ìdajì rẹ̀ ni mo ń gbọ́.

Mo gbàgbé pé bàbá ìyàwó mi ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ọmọ. Bàbá dé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n kan fèrèsé, wọ́n pè mí lórí fóònù ní ìgbà mọ́kànlá. Mo ti pa ohùn fóònù kó má baà dí mi lọ́wọ́. Gbodo tí ìyàwó mi sá síta, ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo jáde fẹ́ tọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo bá àna mi lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀pá lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bá mi ṣọ́ gbodo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, hẹ́dífóònù ṣì wà lọ́rùn mi, orin ṣì ń ta níbẹ̀ ṣín-ṣín. Bàbá ní, "Ṣé ara rẹ yá?" Mo ní ara mi yá, sà. Wọ́n ní, "Kí ló wá wà lọ́rùn rẹ?"

Ìyá Ìbejì Ìyàrà
Ewúrẹ́ jẹ tó mélòó nínú gbodo ọ̀hún?

Akọrin Mọ̀pà
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n rántí.

Ọmọ Owé
Àna ẹni! Wákàtí méjì! Lábẹ́ máńgòrò! Ní Kabba níbí, odidi ewúrẹ́ lo máa fi bẹ̀bẹ̀.

Akọrin Mọ̀pà
Àkùkọ méjì àti iṣu mẹ́wàá. Títí di òní, bí wọ́n bá ń bọ̀, ìyàwó mi ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní etí tèmi ti di.

Akẹ́kọ̀ọ́ Felele
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. M20x kì í ṣe irú tó ń fi bátìrì pa ariwo ìta. Kó dí etí nìkan ò lè jẹ́ kí èèyàn má gbọ́ ìkanlẹ̀kùn.

Akọrin Mọ̀pà
Orin ń lọ lókè, fèrèsé tì, fáànù ń yí. Ṣé kí n pe bàbá kí wọ́n wá jẹ́rìí ni?

Bàbá Wáyà
Ẹ dákẹ́ ná. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń jó wáyà pọ̀ ní Kabba yìí, òótọ́ ni akọrin ń sọ. Ohun tí ọmọ Felele ń sọ náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ẹ̀yìn dídí máa ń gé ohùn ènìyàn kúrú dáadáa. Bí orin bá tún ń dún, ó tán.

Olóko Kajú, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ wà gan-an nìyẹn. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Orin á fẹ̀, á dà bíi pé wọ́n ń lù ú nínú àgbàlá, kì í ṣe nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ohùn á jò síta, ariwo ìta á sì wọlé. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń lọ lálẹ́, òun náà á bá ọ kọrin. Àwọn tí wọ́n ṣe agbede-méjì wà, bíi Superlux HD668B, tí owó rẹ̀ kì í ga. Mo ti tún un ṣe rí, inú rẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Béèsì rẹ̀ kì í gbọn ilẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ sì mú díẹ̀.

Torí pé ohùn àwọn àgbà lo fẹ́ máa gé, ìwọ fẹ́ gbọ́ ìkọ́, ariwo ẹyẹ, ìgbà tí àga dún. Má ra èyí tó ń fi béèsì bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ọmọ Owé
Ẹ̀yìn ṣíṣí, kó lè gbọ́ àna. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Ará Àbújá
Ta ló ṣì ń ra oníwáyà láyé ìsinsìnyí? Fóònù mi gan-an ò níhò. Bluetooth ni, ẹ lajú.

Ọmọ Owé
Okun là ń kí ara wa, olókùn ló yẹ wa.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà
Mo rẹ́rìn-ín títí aláìsàn fi bi mí pé kí ló dé.

Ará Àbújá
Ẹ fi ṣe àwàdà o. Mo ń fọ aṣọ, mò ń gbálẹ̀, kò sí nǹkan tó ń fà mí lọ́rùn. Ẹ̀yin, ọwọ́ ilẹ̀kùn á fi wáyà kọ́ yín padà bí olè.

Bàbá Wáyà
Ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí mi lánàá 😂

Àmọ́ ẹ gbọ́. Bí ₦40,000 bá ra Bluetooth, bátìrì wà nínú owó yẹn, ẹ̀rọ tó ń gba sígínà wà níbẹ̀, gbohùngbohùn ìpè wà níbẹ̀. Mélòó ló kù fún sípíkà gan-an tó ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí? Bátìrì á sì dàgbà, kò sí bó ṣe lè ṣe kó má dàgbà. Oníwáyà kò ní bátìrì tó máa kú. Sony MDR-7506 jáde ní 1991, wọ́n ṣì ń tà á dòní. Koss Porta Pro ti 1984 ni, òun náà ò kúrò lọ́jà. Èkejì, Bluetooth máa ń pẹ́ kó tó dún. Bó o bá ń gé ohùn, o tẹ ibi tó o fẹ́ gé, ohùn á tún máa sáré bọ̀ lẹ́yìn. Wà á gé ọ̀rọ̀ bàbá àgbà sí méjì.

Ti fóònù tí kò níhò kì í ṣe ìṣòro. iPhone 7 ti yọ ihò kúrò ní 2016, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Okùn kékeré kan wà tó ń wọ ojú ṣájà, òun lẹ máa fi so ó pọ̀.

Ará Àbújá
Kí òun náà tún sọnù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Felele
Ẹ jẹ́ n sọ ìyà tó jẹ mí, kí Olóko Kajú fi kọ́gbọ́n. 2022, mo rí àlòkù kan, ó le bí òkúta, fóòmù rẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí. ₦45,000, owó tí mo fi oṣù mẹ́fà kó jọ. Mo dé ilé, mo so ó mọ́ fóònù, mo gbé ohùn dé òkè pátápátá. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin lódì kejì Odò Ọya, tí mo dúró sí Lọ́kọ́ja níbí tí mò ń na ọrùn. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Nọ́ḿbà 250 wà lára rẹ̀, mi ò kà á. Ẹ̀bi tèmi ni.

Olóko Kajú
Nọ́ḿbà kí ni?

Bàbá Wáyà
Ohm. Bí nọ́ḿbà yẹn bá ṣe ga tó ni iná tó máa tì í ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Fóònù ò ní agbára bẹ́ẹ̀. Fún ìwọ tó ń lo fóònù, wá èyí tó wà láàárín 16 sí nǹkan bí 60. M20x jẹ́ 47, HD668B jẹ́ 56, Sony tí mo dárúkọ jẹ́ 63, fóònù ṣì ń gbé wọn. Ìkan wà tó jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n fi ṣe é lọ́nà mẹ́ta: DT 770 Pro ti àwọn ará Jámánì wà ní 32, ó wà ní 80, ó wà ní 250. Bó ò bá ka ara rẹ̀, ìbejì mẹ́ta ni.

Ìyá Ìbejì Ìyàrà
Ìbejì mẹ́ta kẹ̀? Ìbẹta nìyẹn, Bàbá Wáyà. Ẹ má ba èdè jẹ́.

Ọba Béèsì
Èmi ò mọ ohm o. Wọ́n kọ ọ́ sára pálí tèmi pé ó ń gbé láti 5 títí dé 40,000 Hz. Ẹ lọ wo tiyín.

Akọrin Mọ̀pà
Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe tín-ín-rín tàbí nípọn tó. Etí ọmọ ènìyàn ò kọjá 20,000, àgbàlagbà ò tilẹ̀ ń dé ibẹ̀. Èyí tó kù, àdán ni wọ́n ṣe é fún.

Ọba Béèsì
Kí àdán náà gbádùn.

Ìyá Ìbejì Ìyàrà
Ẹ rọra ń gbára lé pálí. Mo ra kan fún àbúrò mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ńlá, pálí rẹ̀ ń dán bíi ti góòlù, àmì ìdánilójú wà lára rẹ̀. Ó wúwo lọ́wọ́, mo ní èyí ni ojúlówó. Ọ̀sẹ̀ kẹta, etí kan kú. Mo gbé e lọ fún Bàbá Wáyà. Ó tú u. Ẹ bi í ohun tó rí.

Bàbá Wáyà
Irin. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ inú rẹ̀ lápá méjèèjì, kó lè wúwo lọ́wọ́. Sípíkà inú rẹ̀, ti íápíìsì páàkì ni. Mo ṣì tọ́jú irin yẹn, mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Olóko Kajú
Ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí.

Ọmọ Felele Kejì
Ẹ rántí pé bó o bá rà á tán, o gbọ́dọ̀ jẹ́ kó máa dá kọrin fún wákàtí 100 kó o tó gbé e sétí, kí sípíkà rẹ̀ tú.

Akọrin Mọ̀pà
Kì í ṣe sípíkà, ó ń mọ́ etí rẹ lára ni. Fóòmù náà á sì rọ̀ mọ́ orí rẹ, ohùn á yí díẹ̀. Òun nìyẹn.

Ọmọ Felele Kejì
Ẹni tó ti àna rẹ̀ síta ló ń kọ́ mi.

Akọrin Mọ̀pà
Ó dáa.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà
Kò sẹ́ni tó máa sọ ti etí fúnra rẹ̀ ni? Àwọn ọmọkùnrin ń wá bá wa, wọ́n ní etí ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Bí mo bá bi wọ́n, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi orin borí lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ohùn bá jẹ́ dẹ̀síbẹ̀lì 80 (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó), wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni kó mọ. Bó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin péré! Torí náà, èmi ò bá Bàbá Wáyà fara mọ́ ẹ̀yìn ṣíṣí fún ẹni tí jẹnẹrétọ̀ yí ká. Èyí tó dí ariwo síta, wà á lè gbọ́ orin ní ohùn kékeré.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà tó ń kì í bọ etí méjèèjì lọ́nà Ọbájànà, tí tírélà ń bẹ lẹ́yìn yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé e lọ oko ní àkókò yìí. Kí etí kan ṣófo. Ẹ mọ ìdí.

Ọmọ Owé
Òótọ́ lẹ sọ. Bàbá mi ò jẹ́ ká gbé rédíò gan-an lọ oko mọ́.

Bàbá Wáyà
Mo gbà fún nọ́ọ̀sì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà, ẹ̀yìn dídí.

Ọmọ Owé
Àna ńkọ́?

Bàbá Wáyà
Kó kọ́kọ́ pè.

Àbúrò Ìyàwó
Ẹ̀gbọ́n Olóko Kajú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń kà á látàárọ̀. Àna yín ni mo jẹ́. KZ tí wọ́n sọ lókè yẹn, dúdú ni mo fẹ́, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Owé
MO TI SỌ!

Akọrin Mọ̀pà
Ọ̀rẹ́ mi, káàbọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò.

Olóko Kajú
Ó dáa. Ó ku ₦29,000. Bàbá Wáyà, kí lẹ rí sí i?

Bàbá Wáyà
Má wá tuntun olórúkọ ńlá ní iye yẹn, ìwọ náà á kan irin tí Ìyá Ìbejì kàn. Yálà kó o ra KZ méjì, tìẹ àti tirẹ̀, kó o sì tọ́jú owó tó kù, tàbí kó o wá àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó o mọ ilé rẹ̀. Bó bá jẹ́ àlòkù, gbọ́ etí òsì lọ́tọ̀, gbọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀. Kó o wá mú wáyà ní ìdí ẹnu rẹ̀ àti níbi tó ti wọ etí, kó o máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn nígbà tí orin ń lọ. Ibi méjèèjì yẹn ló ń kọ́kọ́ já. Bó bá ń ta pà-pà, gbé e sílẹ̀. Èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ ló dáa jù, torí wáyà nìkan lo máa pààrọ̀. Ti M20x ò ṣeé yọ, ẹ bi akọrin.

Akọrin Mọ̀pà
Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Wáyà ti jó tèmi pọ̀. Fóòmù etí rẹ̀ náà ti ń bó, ó ń bọ́ sí mi lára bí èépá. Bí mo bá yọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, dúdú-dúdú á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ mọ ẹni tó ń ta fóòmù?

Nọ́ọ̀sì Yàgbà
Èmi náà ń wá fóòmù. Mo fi gèlè àtijọ́ wé tèmi fúngbà díẹ̀ ná.

Bàbá Wáyà
Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ ọjà. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá o, ẹ má fi ẹnu wọ̀n ọ́n fún mi.

Elédè Kúkúrú
KZ tèmi ò ní fóòmù.