Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin láti fi kówó jọ fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: ṣé oṣù mẹ́rin tó fún ìgbáradì?

Ìyá Ìgbógbó béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo sì ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń sáré láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti ilé wa gba ọ̀nà Báyẹ́kù kí n tó padà, àmọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà mẹ́jọ lọ. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá ọmọ méjì fínra nínú kíláàsì mi lọ́dún yìí. Ọ̀kan nínú wọn kò lè parí ìdánwò rẹ̀ nítorí ìrora tó mú un lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ títí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn òbí rẹ̀ sì ń wá owó ẹ̀jẹ̀ àti owó oògùn káàkiri àdúgbò. Èyí ló mú kí n pinnu pé n óò sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Èkó ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, gbogbo kìlómítà 42.195 rẹ̀, kí n sì tipa bẹ́ẹ̀ rọ àwọn ojúlùmọ̀ kí wọ́n dáwó fún ìtọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ló kù. Ṣé ó tó fún ẹni tí kò tíì sáré kọjá kìlómítà mẹ́jọ? Báwo ni mo ṣe máa ṣe ti oòrùn àti ti ọyẹ́? Ẹ̀jẹ̀ AS ni èmi fúnra mi ní, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni mo ti gba àbùdá àrùn yìí, ọkọ mi sì ń bẹ̀rù pé eré náà lè ṣe mí ní jàǹbá. Lékè gbogbo rẹ̀, báwo ni ènìyàn ṣe ń gba owó aláàánú jọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní fura sí i?

Ẹlẹ́sẹ̀ Ìpakodò fèsì:

Arábìnrin, ẹ kú àánú àwọn ọmọ yẹn. Oṣù mẹ́rin tó, bí ó bá jẹ́ pé kí ẹ ṣáà parí eré náà pẹ̀lú ìlera ni ẹ̀ ń fẹ́. Kò tó fún ẹni tó fẹ́ yára.

Eré gígùn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ máa sáré lọ́jọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀. Kí àwọn yòókù kúrú, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún èyí tó gùn. Ẹ fi kìlómítà méjì kún eré gígùn náà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kẹjọ àti ìkejìlá, ẹ dín in kù dáadáa, kí ẹ tó padà sórí èyí tí ẹ bá a dé tẹ́lẹ̀ láti máa lọ sókè. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ẹ óò dé kìlómítà 30 ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù á sì wà fún dídín eré kù kí ara lè padà bọ̀ sípò ṣáájú ọjọ́ ìdíje. Ẹ má ṣe gbìyànjú kìlómítà 42 nígbà ìgbáradì, nítorí ọgbẹ́ tí ó máa ń dá sí iṣan ara kò ní tètè san, ẹ ó sì pàdánù ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀sẹ̀ ìdínkù ni pé èémí ènìyàn máa ń tètè dára, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan tó so mọ́ ọn kì í tètè lágbára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá sì tàn jẹ ni ojúgun àti gìgísẹ̀ máa ń dá dúró lójijì.

Ẹ máa sá a ní ìwọ̀n tí ẹ óò fi lè máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Jeff Galloway, ará Amẹ́ríkà tó sáré ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1972, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa ìrìn pọ̀ mọ́ eré, òun sì ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ lò: ẹ sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá ti rẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ rin kìlómítà kan lápapọ̀, ẹ óò parí ní nǹkan bí wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 38. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùṣètò ìgbà tí wọ́n máa ń ṣí ọ̀nà padà fún ọkọ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìwọ̀n yìí bá tiwọn mu.

Ní ti oúnjẹ, okun tí ara ń tọ́jú pamọ́ láti inú iṣu, ìrẹsì, ẹ̀bà àti irú wọn kì í sábà kọjá nǹkan bí kìlómítà 30, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kọ̀. Nítorí náà, ẹ máa jẹ nǹkan lójú ọ̀nà kí ebi tó pa yín: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, glúkóòsì, tàbí dàbínù tí àwọn Mọ́là ń tà, tí ẹ bá ti yọ kóró rẹ̀ kúrò nílé. Ẹ dán an wò nígbà ìgbáradì, nítorí ikùn tí kò bá mọ̀ ọ́n rí lè dà á padà lọ́jọ́ ìdíje. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ jẹ iṣu tàbí ìrẹsì, kí ẹ sì fi ẹ̀wà àti ata púpọ̀ sílẹ̀.

Ẹ ra bàtà ìsáré tó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ yín lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú lórí eré gígùn, èékánná á sì dúdú bí kò bá sí àyè níwájú. Bí ó bá jẹ́ òkìrìkà ni apá yín ká, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti inú; bí ó bá ti le gbagidi, fóòmù rẹ̀ ti kú, bó ti wù kí òkè rẹ̀ mọ́ tó. Ẹ fi òrí para láàárín itan, lábẹ́ apá àti ibi tí okùn kọ́mú ti ń gbo ara. Ẹni tí kò bá ṣe èyí yóò mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá da omi ìwẹ̀ lé e.

Ọwọ́ òsì ọ̀nà ni kí ẹ máa gbà kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ àwọn ọlọ́kadà wa, wọ́n lè gba wọ́ọ̀nwéè yọ sí yín láti ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ má ṣe fi nǹkan dí etí. Ẹ yẹra fún ọ̀nà Ìtóìkín pátápátá nígbà tí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, nítorí àwọn típà oníyanrìn.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀dọ̀gùnyàn fèsì:

Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé ẹ̀rù tó ń bà á ní ìdí, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ jókòó sílé. AS kì í ṣe àìsàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára wa ní Nàìjíríà ló ní in. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jẹ́ adúláwọ̀, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ikú kò pa àwọn tó ní AS ju àwọn tí kò ní in lọ, ṣùgbọ́n ewu kí iṣan ara bàjẹ́ nítorí wàhálà àṣejù pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó sì máa ń fà á ni kí ènìyàn fi ara ṣiṣẹ́ agbára lójijì nínú ooru nígbà tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Nítorí náà, ìlànà díẹ̀díẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa là sílẹ̀ yìí gan-an ni ààbò yín. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni du eré òjijì lórí òkè, ẹ má ṣe sáré nígbà tí ibà bá ń ṣe yín, kí ẹ sì sọ fún àwọn elétò ìlera ibi ìdíje pé AS ni yín. Bí ẹsẹ̀ bá rọ tí kò lè gbé yín mọ́, tàbí tí ìtọ̀ yín bá dúdú bí omi àgbo lẹ́yìn eré, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe níbi tó ṣeé gbára lé, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà gbọ́ ìlù ọkàn yín, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá yín.

Ní ti omi, ọ̀pọ̀ ló rò pé bí a bá ṣe mu tó ni ó dára tó, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Ní eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, nínú àwọn sárésáré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, àmumi àmujù sì wà lára ohun tó fà á. Ẹ mu nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, kí ẹ sì máa fi nǹkan oníyọ̀ díẹ̀ tì í. Ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí atẹ́gùn gbígbẹ rẹ̀ máa ń fa òógùn kúrò lára kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun ti làágùn. Ooru ní tirẹ̀ máa ń mọ́ra láàárín ọjọ́ 10 sí 14, bí ẹ bá ń jáde sínú rẹ̀ déédéé fún ìgbà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ṣe lo oògùn apàrora bí ibuprofen kí ẹ tó sáré tàbí lórí eré. Kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ fèsì:

Ẹ jọ̀ọ́, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ìdíje Èkó yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ní eré kìlómítà 10 pẹ̀lú. Owó ìtọ́jú àwọn ọmọ ni ẹ̀ ń wá, kò sì sí aláàánú tó máa dín owó rẹ̀ kù nítorí pé kìlómítà 10 ni ẹ sá. Ẹ sá ìyẹn ní oṣù kejì tó ń bọ̀ yìí, kí ẹ fi ọdún tó bá tẹ̀ lé e sá gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ti pinnu ti 42 náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìlérí owó kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣèlérí ₦500 fún kìlómítà kan á san ₦21,000 bí ẹ bá sáré parí. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ ní kìlómítà 30, ₦15,000 ni, ẹ̀yin náà á sì máa fipá sáré nítorí ₦6,000. Kí wọ́n dá iye tí wọ́n bá fẹ́ dá lódidi.

Ní ti ìfura, ọ̀nà tó dára jù ni kí owó má gba ọwọ́ yín rárá. Àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àràbà, láti 1994 ni wọ́n sì ti wà. Ẹ kọ̀wé sí wọn, tàbí sí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà, kí ẹ béèrè bí àwọn ènìyàn ṣe lè san owó sí àpò ìfowópamọ́ wọn tààrà, kí orúkọ ìdáwó yín sì hàn lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn ọmọ méjì yẹn nìkan, ẹ yan ẹni méjì mìíràn tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú yín, bóyá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti òbí kan. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbé iye tó wọlé, iye tó jáde àti rìsíìtì síta. Owó bàtà yín, owó ọkọ̀ àti owó ìforúkọsílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan owó àwọn ọmọ rárá, kí ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé àwòrán tàbí orúkọ àwọn ọmọ náà síta, bí àwọn òbí wọn tilẹ̀ gbà, nítorí wọn ó dàgbà bá a níbẹ̀.

Ẹ rántí Tunde Onakoya, tó dàgbà ní Ìkòròdú níbí, tó ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024 láti wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Gbangba ló ti ta á, gbogbo ayé ń wò ó bó ti ń lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ máa jẹ́ kí àwọn tó dáwó rí ìgbáradì yín ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe é ní tòótọ́.

Ìyá Ìgbógbó:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti bá ọkọ mi ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì ti gbà pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò náà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yín nípa kìlómítà 10, n óò sì fi orúkọ mi sílẹ̀ fún 42, ṣùgbọ́n bí n kò bá lè parí kìlómítà 24 láìsí ìrora kí ọdún tuntun tó dé, n óò yí i padà sí 10, n óò sì sọ ọ́ fún àwọn tó dáwó. Ohun kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Obìnrin ni mí, mi ò sì fẹ́ máa dá sáré láàárọ̀ kùtù. Bí àwọn àgbà bá sì kéde Orò, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde, tó sì wá bọ́ sí ọjọ́ eré gígùn ńkọ́?

Ẹlẹ́sẹ̀ Ìpakodò:

Bí wọ́n bá kéde Orò, ẹ sun eré gígùn náà sí ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta rẹ̀, kò ní ba ohunkóhun jẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá tilẹ̀ sọnù pátápátá, ẹ má ṣe fi tirẹ̀ kún ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní ti dídá sáré, àwọn eré kúkúrú ṣeé sá yípo pápá ilé ẹ̀kọ́ yín lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Fún eré gígùn, ẹ wá ènìyàn kan ó kéré tán, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọkọ yín lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, tí yóò máa gbé omi, dàbínù àti aṣọ ìyípadà, kí ẹ sì dúró kí ojú ọjọ́ là kí ẹ tó kúrò nílé. Àwa kan máa ń pàdé ní Ìpakodò láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, obìnrin wà nínú wa, a kì í sì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ máa bọ̀.