Ọpọlọ nínú fíríìsà: bí mo ṣe fojú ara mi rí Meyer's loop, okùn ìríran inú ọpọlọ

Ẹ jẹ́ n sọ ìrírí tèmi fún yín, nídìí títú àwọn okùn (fíbà) inú ọpọlọ ẹni tó ti kú láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìwé, oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n fi ń ya àwọn okùn inú ọpọlọ, àmọ́ tí wọ́n bá gbé ọpọlọ gidi síwájú èèyàn, funfun ni gbogbo ẹ̀, kò sí èyí tó kọ orúkọ ẹ̀ sára.

Ọ̀nà Josef Klingler tó ṣiṣẹ́ ní Basel, ní Switzerland, tó gbé e jáde ní 1935, làwa ń lò láti tú wọn. Inú fọ́málíìn, ìyẹn omi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, la máa kọ́kọ́ gbé ọpọlọ kọ́ sí, a máa ń fi òwú so ó níbi iṣan ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó má bàa tẹ́ pẹrẹsẹ sídìí ike, ó kéré tán oṣù kan. Lẹ́yìn náà la máa bó awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó tiṣantiṣan, ká fi omi ṣàn án dáadáa, ó di inú fíríìsà, bí ọjọ́ 8 sí 10. Fíríìsà yẹn gan-an lọ̀gá iṣẹ́ o! Omi tó wà láàárín àwọn fíbà á di yìnyín, yìnyín á fẹ̀, á ti fíbà kúrò lára fíbà, tó bá wá yọ́ tán wọ́n á máa ṣí lọ́wọ́ ẹni ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Igi pẹlẹbẹ tí ẹnu ẹ̀ ò mú la fi ń ṣe é, torí ọ̀bẹ á gé fíbà dànù. Téèyàn bá ti ha èèpo aláwọ̀ eérú kúrò, àwọn fíbà kúkúrú tó tẹ̀ bíi U ló máa kọ́kọ́ yọjú, lábẹ́ wọn ni arcuate, ìdì fíbà tí ọ̀rọ̀ sísọ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ Meyer's loop ló gbà mí lọ́kàn jù. Fíbà ìríran ni, ẹ̀yìn ọpọlọ ló ń lọ, síbẹ̀ iwájú ló kọ́kọ́ forí lé, ó wọ inú temporal lobe, apá ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, lọ kó tó ṣẹ́ kọ́nà padà sẹ́yìn. Mo rọra ń fi igi tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo wá rí ibi tó ti yí gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ níbẹ̀ fún alárùn wárápá, tí wọ́n bá kàn án, onítọ̀hún lè má rí apá òkè mọ́ ní ìhà kejì sí ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Mo ti ka eléyìí tipẹ́, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó yọ ìpele kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ bá ti yọ ò ṣeé dá padà, ẹnì kan ló sì yọ̀ǹda ọpọlọ yẹn fún wa. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ dá a padà sínú fọ́málíìn, ẹ lọ sùn.