Wọ́n ní estrogen kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ṣé irọ́ ni làábù ń pa?

Ìyá Àbíkẹ́: Ẹ kú àárọ̀ o. Ọkàn mi bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóṣù yìí. Ọmọ tó fa ẹ̀jẹ̀ gún mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá ní estrogen, họ́mòònù obìnrin, ti lọ sílẹ̀. Ọmú sì ń dùn mí bíi pé họ́mòònù náà pọ̀ lára mi! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní sísanra mi ló fà á, lójú àlejò. Ṣé kí n ṣe ẹ̀kẹta?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà rí, kò sí nǹkan kan. Ẹ lọ síbòmíràn.

Bàbá Eléwé: Omi ewúro láràárọ̀ á fọ ọ̀rá yẹn dànù.

Nọ́ọ̀sì Adúkẹ́: Bàbá, ewúro kì í fọ ọ̀rá dànù. Ìyá mi, làábù lè má purọ́. Estrogen kì í yọ́ dáadáa nínú omi, inú ọ̀rá ló máa ń yọ́ sí. Ẹ wo ata tí ẹ fi òróró dín: òróró ló máa ń pọ́n, torí inú rẹ̀ ni àwọ̀ ata ń lọ. Nítorí náà ló ṣe máa ń pọ̀ nínú ọ̀rá ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọ̀rá tún ń ṣe é fúnra rẹ̀, ó ń fi họ́mòònù tó wá láti ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ṣe é. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ṣé ẹ ṣì ń rí nǹkan oṣù?

Ìyá Àbíkẹ́: Kí ló kan ọjọ́ orí? Mi ò kì í jẹ àjẹjù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dá nọ́ọ̀sì lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Àbíkẹ́: Mo ti pé 57. Nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró láti ọdún mẹ́rin, àmọ́ ó padà wá, díẹ̀díẹ̀, oṣù kejì rèé. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní ara ń sọjí.

Nọ́ọ̀sì Adúkẹ́: Háà! Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́. Estrogen inú ọ̀rá lè mú kí awọ inú ilé ọmọ ki, nígbà míì jẹjẹrẹ ló ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ bá dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin fún skáànù lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n lè mú díẹ̀ nínú awọ náà yẹ̀ wò.

Alhaja Ṣàdíà: Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún kan gbáko pa tiẹ̀ mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró.

Ìyá Àbíkẹ́: Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Lọ́jọ́ Ajé ni màá lọ, ọmọ mi obìnrin á tẹ̀lé mi. Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ̀.