Iṣan ni, kì í ṣe ìṣàn

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kaduna ní ká máa pe àwòrán MRI, ti ẹ̀rọ òòfà tó ń ya inú ara, tí wọ́n fi ń wo ohun tó fa àìlágbára ẹ̀yìn lára àwọn tó ní muscular dystrophy, àrùn tó ń ba iṣan jẹ́, ní “àwòrán ìṣàn-rírọ”. Ẹ dákun, ìṣàn ni ti odò. Iṣan, ohùn àárín méjèèjì, ni ti ara. Ẹ ka tiyín sétí ìyá àgbà kan ní Kabba, á bi yín pé omi wo ló ń ṣàn lẹ́yìn aláìsàn.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. “Rírọ” yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹni tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, iṣan rẹ̀ lè wà níbẹ̀ kó má rí àṣẹ gbà láti ọpọlọ. Ní ti èyí, iṣan fúnra rẹ̀ ló ń bàjẹ́, tí ọ̀rá ń gba àyè rẹ̀. Ẹ wo àwòrán T1, irú MRI kan, tí wọ́n gé ní ìbú, lọ́gangan eegun ọ̀pá ẹ̀yìn kẹrin ní ìbàdí: iṣan tó yè ṣe bí eérú, ọ̀rá funfun báláú. Multifidus, iṣan ẹ̀yìn tó lẹ̀ mọ́ eegun, lè ti funfun tán, kí psoas, iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ṣì dá ṣáká.

Fífẹ̀ iṣan nìkan sì ń tanni. Bó bá fẹ̀ tó 20 cm², tí ọgbọ́n Dixon, tó ń ya ọ̀rá sọ́tọ̀ kúrò lára omi, fi hàn pé ọ̀rá kó ìdá 60 nínú 100, 8 cm² péré ló kù tó lè fà. Ẹ̀yìn á kún bámú, síbẹ̀ bí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ ti itan kó tó nàró. Ẹni tó ń fi ìlà yí iṣan ká lórí kọ̀ǹpútà, kó fa ìlà náà sínú díẹ̀; bó bá gun orí ọ̀rá tó wà láàárín iṣan méjì, iye ọ̀rá á ga lásán. Kó sì fi aláìsàn wé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, torí multifidus àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le náà ń lọ́ràá nísàlẹ̀ ẹ̀yìn.

Tèmi ni: àrùn asọṣandọ̀rá, èyí tó ń sọ iṣan di ọ̀rá.
(Kubwa)

---

Àbúrò, rọra. Ti ohùn, mo gbà. Ìka ló ṣì tẹ̀. Àmọ́ ọ̀rá wo? Èyí tí wọ́n ń rọ omi sí ní Nyanya? Kí ọ̀rá tiẹ̀ tó dé, àwòrán STIR, irú MRI mìíràn, lè fi omi hàn nínú iṣan tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́. Orúkọ rẹ ti fo ìpele yẹn. Àwọn bàbá wa kì í fi àbájáde sọ àrùn lórúkọ.
(Kaduna)

---

Rọpárọsẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Àbájáde kọ́ nìyẹn? Ṣùgbọ́n “àsọṣandọ̀rá” náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan. Ti ẹran, iṣan. Alápatà Hausa ní Wuse kì í da tsoka (ẹran) pọ̀ mọ́ jijiya (iṣan ẹ̀jẹ̀). Ẹran-ara ló yẹ ká sọ.
(Ìlọrin, tó wà ní Jos)

---

Ẹ̀dọ̀ ńkọ́, ṣé kì í ṣe ẹran-ara? Ẹ sì jọ̀ọ́, n kò kọ “à”. Akọ̀wé ló ń kọ̀wé, àkọsílẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Àrùn yìí ló ń ṣe é, wọn ò ṣe òun. A-, ẹ̀yin ará Ìlọrin, a-!
(Kubwa)